Rédíò Bàbá Mi àti Ẹ̀rọ Tí Àárẹ̀ Ń Mú

Kò sí ohun tó ní kókó tí bàbá mi máa rí tí wọn ò ní yí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé èmi ni mo le jù. Ìbáà jẹ́ fáànù, ìbáà jẹ́ sítóòfù, ìbáà jẹ́ aago ara ògiri tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, wọn á dìde, wọn á fọwọ́ kàn án, wọn á yí i díẹ̀, wọn á wá padà jókòó bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ òòjọ́. Bí mo bá ní, "Bàbá, kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?" wọn á ní, "Kò ṣe nǹkan kan. Mo kàn tún un ṣe ni."

Ilé tí mò ń gbé ò jìnnà sí Ìyànà Ìyẹsí n'Ọ́tà, inú Ọ̀tà náà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti fara kọ́ra. Ìdérí ìgò là ń ṣe níbẹ̀, èmi ni mo sì ń tún iná ẹ̀rọ wọn ṣe. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wò mí tòkè-tilẹ̀, ó ní, "Madam, na who you bring food for?" Mo ní ẹ̀rọ ni mo gbé e wá fún. Títí di òní, bó bá ti rí mi, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń wò.

Ìsẹ́yìn ni bàbá mi ń gbé. Télọ̀ ni wọ́n, àmọ́ ojú wọn ò gbé abẹ́rẹ́ mọ́. Lẹ́yìn tí màmá mi kú, wọ́n ń dá gbé, wọ́n ní kò sóhun tó ń ṣe àwọn. Ìgbà tí wọ́n wá ṣubú lẹ́bàá kànga, wọ́n bẹ aládùúgbò tó gbé wọn dìde pé kó má sọ fún mi. Kò tíì nu omi ara rẹ̀ tán tó fi pè mí. Bí mo ṣe wọkọ̀ nìyẹn. A jà láàárọ̀, a jà lọ́sàn-án, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n di báàgì kan, wọ́n gbé rédíò wọn sábíyá, wọ́n tẹ̀ lé mi.

Rédíò yẹn dàgbà jù mí lọ. Àpótí onígi ni, ó wúwo, ohùn rẹ̀ sì nípọn. Mo ra fóònù tó ní rédíò fún wọn, wọ́n gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ẹ̀fọn ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n dá a padà fún mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé rédíò tiwọn kalẹ̀ nínú pálọ̀ mi, wọ́n sọ ọ́ fún mi lójúkorojú: "Èyí ni mo bá wá. Ọjọ́ tó bá dákẹ́, mo ti lọ sílé nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo rí i pé èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ ṣeré, ilé tí wọ́n sì ń sọ yẹn, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́ tó máa gbé wọn dìde bí wọ́n bá tún ṣubú. Ẹ̀rù bà mí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tọ́jú rédíò yẹn bí ẹyin.

Òkúta bátìrì ńláńlá mẹ́fà ló ń lò, òkúta òde òní náà kì í sì í bá ni délé. Ìròyìn ò ní í tíì parí tí ohùn á ti máa wọlẹ̀. Mo wá ní èmi tí mò ń tún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ odindi ṣe, kí ló dé tí n ò ní lè bọ́ rédíò kan? Mo mú ṣájà láptọ́ọ̀pù kan tí wọ́n ti pa tì. Fọ́ọ̀tì, ìyẹn ìwọ̀n agbára iná, mọ́kàndínlógún ló ń jáde lára rẹ̀. Òkúta mẹ́fà, tí ẹ bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, fọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án ni. Ohun tó kù ni kí n wá ẹni tó máa gba mọ́kàndínlógún níwájú, tó máa tú mẹ́sàn-án sílẹ̀ lẹ́yìn, tó sì máa fi ara gba ìyókù, kó dà á sí ooru. Ẹ̀yà kan wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ àfaradà yẹn. Kò gùn tó ìka, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, régúlétọ̀ là ń pè é. Iná ń gba ẹsẹ̀ kan wọlé, ó ń gba ẹsẹ̀ kan jáde, ẹsẹ̀ kẹta ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá so mọ́ ẹsẹ̀ kẹta yìí ló máa sọ fún un pé, iye báyìí ni kó o tú sílẹ̀.

Ẹ bi mí pé kí ni mo so mọ́ ọn.

Kókó! Kókó tí wọ́n ń yí! Nínú ilé tí bàbá mi wà! Mo yí i dé mẹ́sàn-án, mo fi ọ̀dà pupa sàmì síbẹ̀, mo gba ibi iṣẹ́ mi lọ tayọ̀tayọ̀. Ọpọlọ mi sùn lọ́jọ́ náà ni, n ò mọ ohun tí mo tún fẹ́ pè é.

Ẹ ní láti mọ irú ilé tí mo ti jáde. Nígbà tí mo wà ní kékeré n'Ísẹ́yìn, iná ìjọba kì í pé. Gílóòbù á kàn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lókè, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín. Sítábíláísà kan wà lórí tábìlì pálọ̀ wa, kì í ṣe irú tòde òní tó ń dá ṣe ara rẹ̀. Èyí tó ní kókó ńlá lójú, tí wọ́n máa ń fọwọ́ yí ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án àfi Bàbá. Bí iná bá ti lọ sílẹ̀, gbogbo ilé á pariwo, "Bàbá, iná ti lọ sílẹ̀ o!" Wọn á ju aṣọ tí wọ́n ń rán sílẹ̀, wọn á wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, wọn á ní "Bísímíláì", wọn á yí i, gbàgà! Ilé á mọ́lẹ̀, àwa ọmọ á pàtẹ́wọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi rò pé bàbá mi ló ń ṣe iná.

Nítorí náà, nígbà tí ohùn rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan n'Ọ́tà, bàbá mi ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe látọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n ní Bísímíláì. Wọ́n yí kókó.

Òórùn ohun tó jó ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n jókòó ti rédíò, wọ́n káwọ́ gbera.

"Bàbá, kí lẹ ṣe sí i?"

"Iná ló lọ sílẹ̀. Mo gbé e sókè díẹ̀."

"Díẹ̀ dé ibo?"

"Dé ibi tó dúró sí."

Yéè! Ibi tó dúró sí ju fọ́ọ̀tì mẹ́rìndínlógún lọ. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ pariwo dáadáa, pé inú àwọn dùn, kó tó di pé ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́. Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi, pé kì í ṣe iná ló lọ sílẹ̀, pé ilé-iṣẹ́ rédíò tí wọ́n ń gbọ́ yẹn, ọ̀nà ilé wa lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀, ó jìnnà, ohùn rẹ̀ á máa lọ, á máa bọ̀. Wọ́n ní, "Bó bá jìnnà, ṣé kò yẹ ká tì í lẹ́yìn díẹ̀?"

Mo wọ yàrá mi, mo pariwo sínú pílò.

Ẹ̀yà tó ń gbé ohùn jáde ló jó. Mo wá a dé abẹ́ afárá Sàngó, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò àlòkù. Wọ́n wo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n pe ara wọn wá wò ó, wọ́n bi mí bóyá ilé àwọn babańlá mi ni mo ti yọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn wá rí ẹyọ kan nínú ikùn rédíò tó ti kú, ó yọ ọ́ fún mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ tọ́jú ẹ̀ o. Kò sí òmíràn mọ́." Ní gbogbo ìgbà tí mò ń sá kiri yẹn, báàgì Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ti dì í. Ìgbà tí rédíò tún lahùn, tó kí wọn káàsán, ni wọ́n tó gbé báàgì padà sí yàrá.

Mo pinnu pé régúlétọ̀ yẹn ò ní gbọ́ràn sí ọwọ́ Bàbá lẹ́nu mọ́. Mo ra ṣíìpù kan. Kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ ni. Ohun tí ẹ bá kọ sí i lórí ni yóò máa ṣe, kì í jiyàn, kì í sì í ní ìrírí ọdún pípẹ́. Mo to rẹsítọ̀, àwọn ẹ̀yà tó ń dín iná kù, jọ sí ìdí ẹsẹ̀ kẹta, mo fi tírańsísítọ̀ kékeré ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣíìpù ló ń pàṣẹ fún àwọn ẹ̀ṣọ́: ìwọ ṣílẹ̀kùn, ìwọ tìlẹ̀kùn. Bí èyí bá ṣí, fọ́ọ̀tì á gòkè. Bí tọ̀hún bá ṣí, á sọ̀kalẹ̀. Mo fi bọ́tìnnì méjì síwájú, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, mo fi síkírìn kékeré sí i tó ń fi nọ́ńbà hàn. Mo wá kọ ọ́ sí ṣíìpù lórí pé, bó ti wù kí wọ́n tẹ̀ ọ́ tó, o ò gbọdọ̀ kọjá mẹ́sàn-án.

Bàbá wo bọ́tìnnì. "Kí ni mo fẹ́ máa tẹ̀ bí aago ẹnu ọ̀nà?"

Ìgbà tí ohùn tún rẹlẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mẹ́sàn-án. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Mẹ́sàn-án. Wọ́n fi ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Mẹ́sàn-án. Wọ́n yíjú sí mi.

"Nǹkan yìí ò gbọ́ràn."

"Ibi tó yẹ kó mọ nìyẹn, Bàbá."

"Ìyẹn ni pé o wá ọlọ́pàá tì mí."

"Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sà."

"Ẹ̀rọ ń dá mi lọ́wọ́ kọ́. Nínú ilé ọmọ mi." Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, mo sì gbọ́ ìró síìpù báàgì.

Ìró síìpù yẹn ló jẹ́ kí n ṣe ohun tí mo ṣe. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi lójú ẹsẹ̀, mo ní kí nọ́ńbà ojú síkírìn máa gòkè bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́, mẹ́wàá, méjìlá, dé mẹ́rìndínlógún, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú lọ́hùn-ún sì má mira. Kí síkírìn máa sọ tiẹ̀, kí iná máa wà lórí mẹ́sàn-án. Mo pe Bàbá jáde, mo ní mo ti tú ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé mẹ́rìndínlógún, wọ́n dẹtí. Ojú wọn là.

"Ṣé o gbọ́ bí ohùn ṣe mọ́ gaara?"

"Ó mọ́ gan-an, Bàbá."

"Ṣé o wá rí ohun tí mò ń sọ látọjọ́ yìí?"

"Mo rí i, Bàbá."

Mo gbé irọ́ náà mì bí ẹní gbé oògùn ibà mì. Kò tán síbẹ̀. Ọkàn Bàbá balẹ̀ débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ náà yangàn fún gbogbo ẹni tó bá kọjá lójúlé wa. Wọ́n ní ọmọ àwọn ṣe ẹ̀rọ kan, kò síbi tí kò lè gbé iná dé, àwọn nìkan ni àwọn sì mọ̀ ọ́n tẹ̀. Èmi á wà nínú ilé, á máa ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ìyá kan wà tó múlé tì wá. Mẹ́gáfóònù ni wọ́n fi ń jí gbogbo àdúgbò láràárọ̀, wọ́n á wàásù láti ojúlé wa dé títì, wọ́n á tún padà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n bí mẹ́gáfóònù ò bá sí lọ́wọ́ wọn. Láàárọ̀ Sátidé kan, mò ń fọṣọ níwájú ilé, Bàbá gbé rédíò àti ẹ̀rọ jáde sí barandà láti gba atẹ́gùn. Ìyá náà dé, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì.

"Bàbá wa, ẹ kú àárọ̀. Òkúta mi ti kú. Mo fẹ́ jáde lọ wàásù báyìí. Ẹ ní ẹ̀rọ yín kò síbi tí kò lè gbé iná dé?"

Bàbá, Mùsùlùmí ògidì, nà tàntàn. "Ẹ gbé e wá. Fọ́ọ̀tì mélòó ló ń gbà?"

Wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Méjìlá.

Mo ju aṣọ sínú omi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná," àmọ́ ta ló ń dá mi lóhùn? Àwọn tó ń lọ sọ́jà ti dúró. Bàbá so wáyà mọ́ ọn, wọ́n ní "Bísímíláì", ìyá náà ní "Lórúkọ Jésù", wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé méjìlá. Ìyá gbé mẹ́gáfóònù sẹ́nu.

"Ẹ ronú pìwà dà!"

Ohùn tó jáde, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ láti abẹ́ ibùsùn ni. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kò burú, iná ò tíì gbóná ni. Wọ́n gbé e dé mẹ́rìnlá. Ìyá tún gbìyànjú. Bákan náà. Mẹ́rìndínlógún. Bákan náà.

"Bàbá wa," ìyá náà ní, "ó dà bíi pé ó ń sùn."

"Mẹ́rìndínlógún ni mo gbé e sí. Ẹ wò ó. Ẹ wo nọ́ńbà." Bàbá nawọ́ sí síkírìn. Wọ́n dá a padà sí mẹ́sàn-án, wọ́n ní kí ìyá sọ̀rọ̀. Bákan náà. Wọ́n tú mẹ́gáfóònù, wọ́n so rédíò padà. Mẹ́sàn-án, wọ́n dẹtí. Mẹ́rìndínlógún, wọ́n dẹtí. Àwọn èèyàn ń wò wọ́n. Wọ́n wá rọra gbé ojú sókè, kì í ṣe sí ẹ̀rọ. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ẹnjiníà," ni wọ́n pè mí.

Ọṣẹ ń ho lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ ibi tí n ó gbé e sí, èyí tó sì dùn mí jù ni pé ojú ti àwọn náà, níwájú àwọn tí wọ́n ti ń yangàn fún.

Wọ́n gbé rédíò wọlé. Nígbà tí mo fi máa nu ọwọ́, báàgì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, rédíò sì ti wà lórí báàgì. Rédíò ò tíì dákẹ́ o! Wọ́n ṣì fẹ́ lọ. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí. Bí rédíò yìí bá jó, ẹ máa lọ, bí ẹ bá lọ, ẹ máa tún ṣubú. Mẹ́sàn-án ni òpin rẹ̀, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á kú."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Mo sọ ọ́ sà! Ẹ ní mo wá ọlọ́pàá tì yín!"

"O sọ ọ́ lóòótọ́," ni wọ́n wí. "Mo sì bínú. Ṣùgbọ́n bínú ni mo bínú, mi ò ní kó o máa purọ́ fún mi. Télọ̀ ni mí. Bí aṣọ bá kéré, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé ó kéré. Á bínú, á lọ, á padà wá. Bí mo bá wá ní téèpù tó ń pe méjìlá ní mẹ́rìndínlógún, ta ni mo fẹ́ rán aṣọ fún?"

Mo bú sẹ́kún. Bàbá mi ò fẹ́ràn ẹkún rárá, wọ́n ní kí n dìde kí n lọ sá aṣọ mi kó tó máa rùn. Nígbà tí mo sá a tán, báàgì ò sí lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́.

Mo tún ẹ̀rọ náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Mo yọ bọ́tìnnì, mo fi kókó sí i, kókó gidi tó kún ọwọ́, àmọ́ ṣíìpù ló ń gbọ́ ohun tí kókó bá sọ, òun ló sì ń pinnu. Mo fi ihò méjì sí i: ti rédíò, òpin rẹ̀ mẹ́sàn-án, ti mẹ́gáfóònù, òpin rẹ̀ méjìlá. Nọ́ńbà tó bá wà lójú síkírìn, òun náà ló wà nínú wáyà. Mo gbé mítà tí a fi ń wọn iná wá, mo ní kí Bàbá fi wọ̀n ọ́n fúnra wọn. Wọ́n fi ojú wọn tó ti ń ṣókùnkùn sún mọ́ mítà, wọ́n wo síkírìn, wọ́n ní, "Wọ́n bára mu." Ní ìdájí ọjọ́ kejì, láti barandà wa, mẹ́gáfóònù ìyá náà jí gbogbo Ìyànà Ìyẹsí. Ìyá náà wá gbàdúrà gígùn lé Bàbá lórí, Bàbá ń ṣe "Àmín, Àmín" títí wọ́n fi parí. Bàbá wá bi mí bóyá òpin ti mẹ́gáfóònù ò lè jẹ́ méje.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ẹ̀rọ náà dúró ṣinṣin. Mẹ́sàn-án láàárọ̀, mẹ́sàn-án lálẹ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rédíò bá sì ń lọ tó ń bọ̀, Bàbá á wo síkírìn, wọ́n á rí mẹ́sàn-án, wọ́n á káwọ́ wọn kúrò. Wọ́n gbà pé ó jìnnà ni. Mo ní, ṣé ẹ rí i, ìmọ̀ ẹ̀rọ!

Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé bàbá mi ò yí nǹkan kan mọ́. Aago ara ògiri ń falẹ̀ lóòótọ́, wọn ò bá a wí. Mo máa ń lọ síbi iṣẹ́ kí n bá wọn lórí àga yẹn nígbà tí mo bá dé, bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìbínú rárá, "Mo rò pé kí n máa lọ sílé lẹ́yìn ọdún Iléyá."

"Kí ló tún dé? Rédíò ò dákẹ́!"

"Kò dákẹ́. Iṣẹ́ rẹ dára. Kò sóhun tó nílò lọ́wọ́ mi." Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Kò sóhun tó nílò mi nínú ilé yìí."

Bí wọ́n bá bínú, mo mọ ohun tí mo máa ṣe. Èyí tí wọ́n sọ láìbínú yìí ló já mi láyà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń rántí bí a ṣe máa ń pariwo n'Ísẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń ju aṣọ sílẹ̀, téèpù lọ́rùn. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe ẹ̀rọ tí kì í lọ sílẹ̀ láéláé. Ta ló tún fẹ́ pè wọ́n?

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń lé irú àìsàn yìí kúrò lára ẹ̀rọ. Bí iná bá ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n á lé mi. Àmọ́ mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo kọ ọ́ sí ṣíìpù lórí: láàárọ̀ kí n tó jáde, àti nírọ̀lẹ́ ní agogo tí mo máa ń wọlé, kó o máa rọra sọ̀kalẹ̀ láti mẹ́sàn-án, wá sí mẹ́jọ, wá sí méje, títí dé mẹ́fà, kó o sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi máa yí ọ sókè. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Nọ́ńbà ń sọ òótọ́. Ó lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Èmi ni mo kàn ní kó lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo wà ní kíṣíìnì, mò ń ro àmàlà àgbàdo. Ohùn rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Mo figbe ta bíi ti ìgbà èwe mi: "Bàbá, iná ti lọ sílẹ̀ o!"

Mo gbọ́ tí àga ké. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. "Bísímíláì!" Rédíò gbé ohùn sókè, ó kún ilé. N ò lè pàtẹ́wọ́ nítorí orógùn wà lọ́wọ́ mi, mo bá ń fi í lu ìkòkò.

"Ẹ̀rọ rẹ yìí," wọ́n pariwo láti pálọ̀, "ó ti ń rẹ̀ ẹ́ o!"

"Ṣé ẹ rí i, Bàbá! Ẹ bá mi mójú tó o!"

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ọdún Iléyá dópin. Aago ara ògiri tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Wọ́n tún fáànù mi ṣe títí ó fi bàjẹ́. Inú mi dùn bí ẹni pé mo tún wà n'Ísẹ́yìn.

Ibi iṣẹ́ wá rán mi lọ sí Ìgbẹ́sà, wọ́n ṣí ẹ̀ka tuntun síbẹ̀, mo ní láti sùn síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá oníwàásù ní àwọn á máa gbé oúnjẹ fún Bàbá. Kí n tó lọ, mo sáré sọ nọ́ńbà síkírìn di ńlá nítorí ojú wọn, mo tún gbogbo ohun tó wà lórí ṣíìpù kọ. Nínú ìkánjú yẹn, mo gbàgbé láti kọ ibi tó ti máa ń sọ̀kalẹ̀. N ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo gbàgbé.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà dé, eruku bò mí. Rédíò ń sọ̀rọ̀, Bàbá wà lórí àga.

"Ẹ kúulé, Bàbá."

"Káàbọ̀. Ẹ̀rọ rẹ, kò rẹ̀ ẹ́ látìgbà tí o ti lọ."

"Ẹ̀n?"

"Mo jókòó tì í láàárọ̀, kò rẹ̀ ẹ́. Mo jókòó tì í nírọ̀lẹ́, kò rẹ̀ ẹ́. Ṣé o gbàgbé láti sọ fún un ni?"

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ mi. "Bàbá, ẹ mọ̀?"

"Iná wo ló mọ ìgbà tí èèyàn dé láti ibi iṣẹ́? O bá ti bọ́ bàtà báyìí, ó ti ń lọ sílẹ̀ nìyẹn. Ṣé bọ́ọ̀sì kan náà lẹ jọ ń wọ̀ bọ̀ ni?"

Ẹ̀rín pa mí, omi sì dé ojú mi. "Látìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tó o lu ìkòkò."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń dìde?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò nítumọ̀. "O pè mí," ni wọ́n ní. "Kí n má dìde?"

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, mo yọ kọ̀ǹpútà nínú báàgì, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ kó máa rẹ̀ ẹ́. Wọ́n rò ó.

"Má fi sí àkókò ìrun," ni wọ́n ní. "Bí o ò bá sì sí nílé, kó sinmi. Má jẹ́ kó máa yára lọ sílẹ̀ jù, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.